Rédíò ìgbafẹ́

Rédíò ìgbafẹ́ ni lílo ẹ̀rọ rédíò tí a fi ń sọ̀rọ̀ tí a sì fi ń gbọ́ èsì, fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni, fún ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti fún ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, láìgba owó lórí rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, amateur radio tàbí ham radio ni orúkọ rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí rédíò ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, níbi tí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbọ́ láìlè dáhùn. Ó tún yàtọ̀ sí fóònù alágbèéká, nítorí pé kò nílò òpó ilé iṣẹ́ kankan láàárín ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́. Ẹ̀rọ kan, bátìrì kan àti wáyà tí a ta sí ojú òfuurufú ti tó láti fi ohùn ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn, tàbí láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ mìíràn lókè òkun.

Ilẹ̀ olókè ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀, nítorí pé ohun gbogbo tí ó lè dí rédíò lọ́nà wà níbẹ̀: òkè, igbó, àrá, ọ̀rinrin àti iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1901, Guglielmo Marconi gbọ́ àmì rédíò ní Newfoundland láti Poldhu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí pín ìgbì rédíò, àwọn ìgbì gígùn ni wọ́n mú fún ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ológun. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1912 lé àwọn olùfẹ́ rédíò sórí ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò ju 200 mítà lọ, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kà sí ohun tí kò wúlò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní ilẹ̀ Faransé bá Fred Schnell ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì Morse lórí ìgbì tí kò gùn ju nǹkan bí 110 mítà lọ. Àwọn tí a lé sí ẹ̀yìn odi ni wọ́n fi han gbogbo ayé pé ìgbì kúkúrú ni ó ń rìn jìnnà jù.

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ZD2 ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ àmì ìdánimọ̀ àwọn olùfẹ́ rédíò tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ó di 5N. Ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Amateur Radio Society, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ àgbáyé International Amateur Radio Union. Nàìjíríà wà ní Ẹkùn Kìíní nínú ẹkùn mẹ́ta tí àjọ ITU pín ayé sí, pẹ̀lú gbogbo Áfíríkà àti Yúróòpù.

Ìwé àṣẹ

Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ohun tí àwọn olùfẹ́ rédíò ń sọ, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ ìjọba àti àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nígbà kan, ẹni tí ó bá fẹ́ lo ìgbì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ 30 MHz gbọ́dọ̀ mọ àmì Morse. Ìpàdé àgbáyé ti ọdún 2003 ní Geneva fi èyí sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Rédíò ọwọ́ tí a mọ̀ sí wókì-tókì ti di ohun olówó pọ́ọ́kú lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì lè sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí kì í ṣe ti olùfẹ́ rédíò rárá: ti ọlọ́pàá, ti ikọ̀ aláàbò, ti ilé ìwòsàn tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì lórí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè bo ohùn ẹni tí ń pè fún ìrànlọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ní àsìkò tí ìjínigbé sì ti sọ ọ̀nà inú igbó di ibi tí àwọn agbófinró ń ṣọ́ lójú méjèèjì, ẹni tí wọ́n bá bá rédíò lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ìwé yóò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Ó dára kí ẹ̀dà ìwé àṣẹ máa wà pẹ̀lú ẹ̀rọ níbikíbi tí a bá gbé e lọ.

Òkè àti ìgbì

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé ta ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ irú ìgbì àti irú ẹ̀rọ tí yóò lò.

Àwọn ìgbì tí ó wà láàárín 144 àti 146 MHz, tí ọ̀pọ̀ rédíò ọwọ́ ń lò, ń rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àǹtẹ́nà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà 10 lè gbọ́ ara wọn láti nǹkan bíi kìlómítà 26 síra. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́jú kò pọ̀ ní agbègbè yìí. Òkè gbọọrọ tí ó kọjá ní Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹ̀sí jẹ́ òkúta líle, ìgbì yìí kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Òkè tí ó dáàbò bo àwọn baba ńlá lọ́wọ́ ọ̀tá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ń dá rédíò dúró lónìí. Ẹni méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òkè lè má gbọ́ ara wọn bí wọn kò tilẹ̀ jìnnà síra ju ìrìn wákàtí kan lọ, nígbà tí ẹni tí ó dúró ní orí òkè ń gbọ́ àwọn méjèèjì ketekete. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé ẹ̀rọ atúnsọ sí orí òkè: yóò gbọ́ ohùn lórí ìgbì kan, yóò sì tún un sọ lójú ẹsẹ̀ lórí ìgbì mìíràn pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ ju ti rédíò ọwọ́ lọ.

Ọ̀nà kejì ni láti fo òkè náà. Ìgbì tí ó wà láàárín 3.5 àti nǹkan bí 10 MHz máa ń lọ sókè dé ionosphere, ìyẹn ìpele òfuurufú gíga tí oòrùn ti sọ di ohun tí ń gbé iná mànàmáná, a sì máa padà sí ilẹ̀. Bí a bá ta wáyà tí kò ga ju mítà 5 sí 8 lọ, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ yóò lọ sókè gangan, yóò sì rọ̀ padà bí òjò sórí agbègbè tí ó fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Àfonífojì kò lè sá fún un. Pẹ̀lú 7 MHz ní ọ̀sán, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní Ìkọ́gòsì lè bá ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, 3.5 MHz a máa dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo àrá láti ọ̀nà jíjìn pọ̀ lórí rẹ̀. Fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, 14 MHz àti èyí tí ó ga jù ú lọ ni a ń lò, a sì nílò wáyà tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ó mú ojú òfuurufú Nàìjíríà yàtọ̀. Ìlà tí ó pín agbára òòfà ayé sí méjì kọjá ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, èyí sì mú kí ionosphere tí ó wà lókè agbègbè yìí nípọn kí ó sì máa dà rú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ University College, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wọn ìpele yìí ní àwọn ọdún 1950, àkọsílẹ̀ wọn sì wúlò fún gbogbo ayé. Ohun tí olùfẹ́ rédíò yóò ṣàkíyèsí ni pé ohùn tí ó já gaara ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n rìrì ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ojú ọ̀run ni.

Títa àǹtẹ́nà

Àǹtẹ́nà ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun èlò, òun ni ó sì rọrùn jù láti fi ọwọ́ ẹni ṣe. Rédíò olówó ńlá tí ó ní àǹtẹ́nà burúkú kò lè tó rédíò àlòkù tí ó ní èyí tí ó dára. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni wáyà bàbà méjì tí gígùn wọn dọ́gba, tí a so mọ́ kébù ní àárín. Láti mọ gígùn rẹ̀ lápapọ̀ ní mítà, a ó fi iye MHz pín 143. Fún 7.1 MHz, yóò jẹ́ nǹkan bíi mítà 20, ìyẹn mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dára kí a gé e gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé a lè dín in kù, ṣùgbọ́n ìrora ni láti so èyí tí a ti gé jù. Ọparun méjì, tàbí igi kan àti òrùlé kan, lè gbé e dúró bí okùn ọ̀rá bá wà ní ìkángun méjèèjì tí wáyà kò sì kan páànù.

Mítà SWR ni a fi ń mọ̀ bóyá agbára ń jáde lọ tàbí ó ń padà sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 1.5, ó dára. Bí ó bá ju 3 lọ, kí a dáwọ́ dúró, nítorí pé ẹ̀rọ lè jóná.

Kébù tún ń jẹ agbára. Ní 145 MHz, kébù tẹ́ẹ́rẹ́ RG-58 tí ó gùn ní mítà 30 yóò jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára kí ó tó dé òkè. RG-213 tí ó nípọn yóò jẹ́ kí ó ju ìdajì lọ dé ibẹ̀. Ní 7 MHz, ìyàtọ̀ yìí kéré débi pé kò yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Agbára iná

Ọ̀pọ̀ rédíò àárín ilé ń lo iná fólítì 13.8, èyí tí ó jẹ́ kí bátìrì ọkọ̀ tàbí ti sólà bá a mu. Ẹ̀rọ tí ó ń tú wáàtì 100 jáde lè fa nǹkan bí ámpíà 20 nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, àti nǹkan bí ámpíà 1 nígbà tí a bá ń gbọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé ámpíà 20. Yóò gbóná, fólítì yóò já wálẹ̀, ohùn yóò sì wọ́. Wáyà tí ó nípọn tí ó sì kúrú ni a ń lò, pẹ̀lú fíúùsì ní ẹ̀bá bátìrì.

Sólà ti yí ọ̀ràn yìí padà fún àwọn ìlú tí iná kò dé déédéé, ṣùgbọ́n ó mú ìyọnu tirẹ̀ wá. Ínfátà, gílóòbù LED àti ẹ̀rọ tí ń darí iná sólà, bí wọ́n bá jẹ́ èyí tí kò dára, máa ń da ariwo bo gbogbo ìgbì kúkúrú. Ọ̀nà láti mọ èyí tí ó jẹ̀bi ni láti fi bátìrì nìkan tan rédíò, kí a pa gbogbo iná ilé, kí a wá máa tan wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà wà nínú àwọn afurasí, ó sì ṣòro láti pa tirẹ̀.

Ewu àti ìtọ́jú

Ewu tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí kò sí nínú rédíò fúnra rẹ̀. Òpó irin tàbí wáyà tí ó bá ṣubú lu wáyà iná àdúgbò lè pa ẹni tí ó dì í mú lójú ẹsẹ̀. Kí a tó gbé òpó nàró, kí a wọn bí ó ṣe ga, kí a sì rí i dájú pé bí ó bá wó sí ìhà èyíkéyìí, kò ní dé ibi wáyà iná. A kì í dá òpó gbé, a kì í sì gbé e nígbà tí òjò bá ṣú.

Àrá ni ó tẹ̀ lé e. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, ìjì àrá wọ́pọ̀ ní Èkìtì, àǹtẹ́nà tí ó wà lórí òkè sì ni ohun tí mànàmáná yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀pá bàbà tí ó gùn tó mítà 2, tí a rì mọ́lẹ̀ tí a sì so mọ́ òpó, ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá tí ó bá sán lù ú gan-an. Ààbò tí ó dájú jù ni kí a já kébù kúrò lára rédíò kí òjò tó dé, kí a sì gbé ẹnu rẹ̀ sí ìta. Bí àrá bá ti ń sán, ó ti pẹ́ jù láti lọ fọwọ́ kàn án.

Òjò máa ń gba ibi tí a ti so kébù wọlé, bàbà inú rẹ̀ á sì dípẹtà. Rọ́bà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni a ń wé e, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi lè máa ṣàn kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lórí koríko òrùlé. Ní àkókò ọyẹ́, eruku máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì sólà. Aṣọ tútù kan ní ọ̀sẹ̀ ń dá agbára rẹ̀ padà. Okùn tí oòrùn ti jẹ gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí mítà SWR sọ sílẹ̀ lóṣooṣù yóò tètè mọ̀ nígbà tí nǹkan bá yí padà.

Lórí afẹ́fẹ́

Olùfẹ́ rédíò máa ń fetí sílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ìgbì bá ṣófo, yóò pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́, yóò sì sọ àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ọjọ́, aago, ìgbì àti àmì ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ ni a ń kọ sínú ìwé. Aago UTC ni a ń lò, èyí tí ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. A kì í fi ìgbì yìí ṣòwò, a kì í sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àmì àṣírí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébù íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já nísàlẹ̀ òkun ní etíkun Ivory Coast, ìbánisọ̀rọ̀ sì dà rú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìgbì kúkúrú kò gba ibẹ̀ kọjá. Fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀ àti èyí tí ó burú jù ú lọ, àwọn olùfẹ́ rédíò ní Ẹkùn Kìíní ya àwọn ojúkò kan sọ́tọ̀ fún ìpè pàjáwìrì, lára wọn ni 3.760, 7.110 àti 14.300 MHz. Láti ọdún 2018 ni sátẹ́láìtì Es'hail-2 náà ti gbé ẹ̀rọ atúnsọ àwọn olùfẹ́ rédíò dání; ó dúró sójú kan lókè Áfíríkà, láti Ìjerò sì ni abọ́ tí a kọ sí ìlà-oòrùn, tí a gbé ojú rẹ̀ sókè tó ìwọ̀n 64, yóò ti máa wò ó tọ̀sán tòru.