Bí A Ṣe Lè Tú Agbada Ọ́ìlì Ọkọ̀ Láìsọ Ẹ́ńjìnì Kalẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ọ́ìlì ń jò lábẹ́ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kalẹ̀. A rí i pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹ̀yin ará ìlú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Èrò, nítorí pé òkúta kan ṣoṣo lójú ọ̀nà oko, yálà ní agbègbè Ọ̀sì tàbí Ìlọ́fà, tó láti dá agbada ọ́ìlì lu. Owó iṣẹ́ sísọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kò sì kéré.

Agbada ọ́ìlì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́ǹpù, ni àwo tí a fi nọ́ọ̀tì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì máa ń padà sí, láàárín lítà 3 sí 5 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kí ẹ̀rọ tó tún fà á gba inú asẹ́ lọ sókè. Bí ó bá dá lu, tí ọ́ìlì sì tán, irin yóò máa ha irin, ẹ́ńjìnì yóò sì nọ́ọ̀kì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, bí iná pupa alágolo ọ́ìlì bá tàn níwájú awakọ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kí ó má ṣe rò pé òun yóò rọra wà á dé Òmù-Àrán. Owó ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ lọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì mìíràn.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín ni pé: kí ni ó dí sọ́ǹpù náà lọ́nà tí kò fi lè bọ́ láti ìsàlẹ̀? Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, ẹ́ńjìnì sábà máa ń dábùú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣí sílẹ̀. Toyota Camry onísílíńdà 4 ti ọdún 2002 sí 2006, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Big Daddy, jẹ́ àpẹẹrẹ kan: ọwọ́ ń dé ara àwọn nọ́ọ̀tì láti ìsàlẹ̀. Ti Volkswagen Golf 3 náà ń bọ́ láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fláìwíìlì ń fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn tín-ín-rín àti sùúrù.

Iṣẹ́ máa ń pọ̀ sí i nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, nítorí pé irin ìdábùú sábà máa ń gba abẹ́ sọ́ǹpù kọjá. Síbẹ̀, a kò ní láti yọ ẹ́ńjìnì jáde. A óò tú nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì síìtì, a óò sì fi ṣéènì bulọ́ọ̀kù gbé ẹ́ńjìnì sókè ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà, kí a tó fi igi líle há a níbẹ̀. Kí a tó gbé e, kí a kíyè sí fáànù, ọ́ọ̀sì omi àti wáyà, kí wọ́n má baà já. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi jáàkì ti sọ́ǹpù fúnra rẹ̀ sókè; irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ní ti ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, bíi Hilux, jíà iwájú lè wà lábẹ́ sọ́ǹpù. Bí mẹkáníìkì bá ní iṣẹ́ náà yóò pẹ́, ẹ gbà á gbọ́.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù lọ ni ẹ̀mí ẹni tí yóò wọ abẹ́ ọkọ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídá a dúró. Kí a gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró tí ó lágbára, kí a sì fi nǹkan há àwọn táyà tí ó wà nílẹ̀. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì lè fọ́ lójijì láìfi àmì hàn. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ pupa wa máa ń rọ̀. Pákó fífẹ̀ tí ó nípọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ irin náà. Kí a tú orí bátìrì, kí a sì jẹ́ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí a tó dà á, kí ó má baà bó ènìyàn.

Bí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá di sọ́ǹpù mú, abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a fi là á yí ká. Sukudiráfà ńlá lè ha ojú álúmínọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni yóò sì tún máa jò. Bí ó bá bọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí èérún irin tí ń dán níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bíárìn ti jẹ. Nígbà náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tí ó bá ní kí a sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀.

Sọ́ǹpù onírin ṣeé jó, lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ kúrò nínú ọ́ìlì pátápátá. Èyí tí ó jẹ́ álúmínọ́ọ̀mù tí ó sán, ó sàn kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a fọ asẹ́, kí a nu ojú méjèèjì gbẹ, kí a sì fa gọ́ọ̀mù ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò já sínú ọ́ìlì, yóò sì lọ dí asẹ́. Nọ́ọ̀tì wọ̀nyí kéré. Agbára ọrùn ọwọ́ tó wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá fi gbogbo ara fún wọn yóò já wọn tàbí kí ó tẹ etí sọ́ǹpù. A óò dúró fún iye àkókò tí a kọ sára gọ́ọ̀mù, kí a tó da ọ́ìlì, wo géèjì, kí a sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ níbi tí ọkọ̀ dúró sí, kí a wo abẹ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì dúdú tí a dà jáde kò gbọdọ̀ lọ sínú gọ́tà tàbí etí odò. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, ẹ sì pa á mọ́ lọ́wọ́ ọmọdé títí tí àwọn tí ń ra ọ́ìlì àlòkù yóò fi dé.