Bí orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe yí padà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yóò pàdé knave, swain, varlet àti stripling. Bí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè òde òní, yóò rí i pé oníjìbìtì ni knave. Ìtumọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi ka ìwé ayé ìgbà náà, yóò ṣì wá lọ́nà.

Cnafa ni ọ̀rọ̀ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọmọkùnrin lásán ni ó sì túmọ̀ sí. Nínú ẹ̀dà kejì Bíbélì tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, knave ni wọ́n lò fún ọmọ tuntun tí ó jẹ́ akọ nínú Ìfihàn orí 12. Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin ni à ń rán níṣẹ́; ẹni tí à ń rán di ìránṣẹ́; nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́lá sọ orúkọ ìránṣẹ́ di èébú. Cniht náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọkùnrin, ó sì di ìránṣẹ́, ṣùgbọ́n olúwa tí ó sìn jẹ́ ọlọ́lá tí ń gun ẹṣin lọ sójú ogun. Ó di knight, ó sì di oyè. Ọ̀rọ̀ méjì gbéra ní ibì kan náà: ọ̀kan wọlẹ̀, èkejì gòkè. Ní Jámánì, Knabe ṣì jẹ́ ọmọkùnrin, Knecht sì jẹ́ ìránṣẹ́.

Láti inú Faransé àtijọ́ ni vaslet ti wá, ọ̀dọ́ ilé ọlọ́lá tí ń sin olúwa rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yá a lẹ́ẹ̀mejì: valet ń tọ́jú aṣọ ọ̀gá, varlet di èébú. Ẹni tí ó bá ń ta káàdì Faransé mọ valet dáadáa. Knave ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe káàdì yẹn kí jack tó gbapò rẹ̀. Stripling kò bá wọn rin ọ̀nà yìí, nítorí ara tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí tiwa. Ọmọ ogun lè jẹ́ baba ọlọ́mọ mẹ́wàá. Ọmọ iṣẹ́ lè ní irun funfun. Bí ẹni tí ń ṣe àkójọ ìtàn bá kọ ọmọ inú ìtàn ogun sílẹ̀ ní Faransé bí enfant, ó ti sọ jagunjagun di ọmọdé. Nítorí náà, ẹ kọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó ń bá wí, àti ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀.