Iná Tó Ń Ṣẹ́jú: Ṣáàsì àti Òfin Nínú Eré Ìje Mọ́tò Oní-Rìmóòtù

Mọ́tò oní-rìmóòtù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Láti 1967 ni ẹgbẹ́ ROAR ti wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ló ń ṣòfin eré ìje yìí níbẹ̀, BRCA ló ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n jọ ń bá fà á: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ awakọ̀ ló gba ipò kìíní, kì í ṣe owó àpò rẹ̀?

Ṣáàsì: egungun mọ́tò

Ṣáàsì ni gbogbo nǹkan yòókù jókòó lé. Ti Tamiya TT-02, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ike ni, ó sì rí bí ọpọ́n. Ọ̀pá kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá ló ń gbé agbára lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò wọ́n púpọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́.

Ti àwọn tó ti wọra nínú ìdíje yàtọ̀. Pẹlẹbẹ ni, bẹ́líìtì ló sì sábà máa ń yí táyà rẹ̀. Carbon fibre ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n òfin sọ ìwọ̀n tí mọ́tò kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ wá lọ lo alumíníọ́mù: bí ìwúwo bá máa wà dandan, ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀, kí mọ́tò má baà dojú dé ní kọ́nà.

Ti 1/12 tún wà, èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni agbára ń dé, tí táyà rẹ̀ sì jẹ́ fóòmù.

Ìyípo wáyà

Lédè wa, mọ́tò ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pe ohun tó ń lo iná nínú rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì. Wáyà bàbà ni wọ́n wé sínú ẹ́ńjìnnì yìí. Bí ìyípo wáyà bá ṣe kéré tó ni ẹ́ńjìnnì ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jẹ bátìrì tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìyípo pín ìsọ̀rí: 17.5 (mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀) rọra ju 13.5 (mẹ́tàlá àti ààbọ̀) lọ.

Wọ́n tún ń wọn bátìrì. LiPo onílé méjì kò gbọdọ̀ ju 8.4 V lọ bó bá kún. Èyí kì í ṣe torí ìrẹ́jẹ nìkan: LiPo tí wọ́n bá fi iná kún jù lè gbiná.

Ẹlẹ́rìí wo la ó gbà gbọ́?

Ibí yìí gan-an ló kan èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwià jẹun. ESC, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, ní sọ́fítíwià nínú. Sọ́fítíwià náà lè máa fi iná ránṣẹ́ ṣáájú àsìkò díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì 17.5 wá máa sáré ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ tú u palẹ̀, ẹ ka wáyà rẹ̀: ó pé pérépéré!

Òfin wá ní kí wọ́n pa ìṣáájú yẹn, kí iná kékeré kan sì máa ṣẹ́jú lórí ESC láti fi hàn pé wọ́n ti pa á. Òun ni wọ́n ń pè ní blinky. Àmọ́ ta ló ń tan iná náà? Sọ́fítíwià yẹn kan náà ni. Ẹni tí à ń fura sí ló tún ń ṣe ẹlẹ́rìí! Torí ẹ̀ ni ẹgbẹ́ bíi BRCA fi ń kọ orúkọ àwọn ESC tí wọ́n fọwọ́ sí sílẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ nìyẹn: iná tó ń ṣẹ́jú ò tó ẹ̀rí, àfi kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí kí ni gbogbo wàhálà yìí? Nítorí ọmọ tí òbí ẹ̀ lágbára àtira mọ́tò kan ṣoṣo. Bó bá mọ̀ pé ọwọ́ lòun fi pàdánù, á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni, kò ní wá mọ́.

Bó bá ń wu ẹ̀yin náà láti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wo eré wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì béèrè òfin ìsọ̀rí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kí ẹ tó yọ owó. Ó dìgbà kan ná o.