Ta Ló Ṣà Á? Luther Vandross, "Greatest Hits" àti Kásẹ́ẹ̀tì Muṣin

Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ bi mí pé kí ni a ó máa pe "greatest hits" ní èdè Yorùbá. Ó ní òun kọ "àwọn orin tó lù jùlọ", ni ọ̀gá òun bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tọ́. Orin kì í lu ènìyàn, àwa la máa ń lùlù sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dára, torí pé bí a bá tú u wò dáadáa, a ó rí ohun kan tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fi pamọ́ fún wa.

Orin tí tọmọdé tàgbà ń kọ, tó ń dún nínú dánfó, tó tún ń dún lọ́dọ̀ onídìrí, kí la máa ń sọ nípa rẹ̀? A ó ní ó gbòde, tàbí ó gbòde kan. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó gbòde lónìí, òmíràn ń bọ̀ wá gba òde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Bí aṣọ ṣe rí nìyẹn, bí irun dídì ṣe rí nìyẹn. "Orin tó gbòde" ń sọ nípa àkókò. Ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń ṣe yàtọ̀: wọn á mú orin tó gbòde lọ́dún yìí, wọn á mú èyí tó gbòde ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn á tò wọ́n sójú kan, wọn á ní ìwọ̀nyí ló tóbi jù. Orúkọ tó bá iṣẹ́ yẹn mu jùlọ ni àṣàyàn. Ṣà, kí o sì yàn, bí ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà kó tó gbé e kaná. Bí ẹnìkan bá sì ti ní "àṣàyàn", ẹnu lè yá yín láti bi í pé: ta ló ṣà á? Kí ló kó dànù? "Greatest hits" kò fi àyè ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni pé orin fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè.

Ẹ jẹ́ kí n fi Luther Vandross ṣe àpẹẹrẹ, torí pé nínú gbogbo ọkùnrin tó ń kọ orin soul láàárín 1980 sí 1990, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń gbé orin rẹ̀ sí i létí mi ní Muṣin tó o. New York ni wọ́n bí i sí, ní 1951. Kó tó dá dúró, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ti ń gbè: ohùn rẹ̀ wà nínú Young Americans tí David Bowie ṣe ní 1975, òun ló sì kọ orin méjì nínú àwo tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Change gbé jáde ní 1980. Ní 1981 ló wá ṣe Never Too Much fún ilé iṣẹ́ Epic. Láti ìgbà náà, àwo rẹ̀ kò gbẹ́yìn lọ́jà mọ́.

Ní 1989, Epic kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú àwo méjì, wọ́n pè é ní The Best of Luther Vandross... The Best of Love. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò. Àkọ́kọ́, wọ́n mú orin méjèèjì tó kọ fún Change wọlé, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lára àwo yẹn nígbà tó jáde. Èkejì, A House Is Not a Home wà níbẹ̀. Dionne Warwick ti kọ orin yẹn ní 1964. Luther gbà á, ó fà á gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ, ó sì kọ ọ́ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé tirẹ̀ ni láti ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Here and Now wà níbẹ̀, orin tuntun sì ni! Ẹnikẹ́ni kò tí ì gbọ́ ọ rí. Kò tí ì gbòde, kò tí ì yọ lẹ́nu ọ̀nà pàápàá, wọ́n ti tò ó mọ́ àwọn tó dára jùlọ.

Ṣé ẹ rí i pé "best" yẹn kì í ṣe ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀? Ọjà ni wọ́n ń tà. Àwọn tó ti ra gbogbo àwo Luther tẹ́lẹ̀, kí ni wọn ì bá tún máa rà á fún, bí kò bá sí tuntun kan nínú rẹ̀? Ọgbọ́n yẹn sì jẹ. Never Too Much ti gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní 1981, ṣùgbọ́n lórí àtẹ gbogbogbòò, ipò 33 ló ti dúró. Here and Now dé ipò 6 lórí àtẹ gbogbogbòò yẹn ní 1990, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orin òun nìkan máa wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní 1991 ó fún un ní Grammy rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ti ń kọrin fún àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí àwọn yòókù tó gbọ́. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ní "orin rẹ̀ tó tóbi jùlọ", ẹ bi í pé: lójú ta ni?

Kí ni gbogbo èyí wá kan Muṣin? Ó kàn án gan-an. Lẹ́yìn tí ìjọba mú ètò SAP wá ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, àwo méjì láti òkè òkun kì í ṣe ohun tí olùkọ́ lè máa fi owó oṣù rà. Kásẹ́ẹ̀tì ló gbà wá. Láti Ìdí-Òró títí dé Ọjúwòyè, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń gba orin sí kásẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn. Ẹ ó kọ orúkọ àwọn orin tí ẹ fẹ́ sórí pépà, ẹ ó fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo sílẹ̀, ẹ ó ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Oníṣọ́ọ̀bù á wo pépà yín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí kò bá èyí lọ o, ẹ jẹ́ kí n fi Luther mìíràn sí i." Alásàyàn pọ́ńbélé nìyẹn! Ojú kan kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, torí náà orin tó bá ṣìkẹyìn, wọn á gé e lẹ́nu. Mo mọ orin Luther kan tí n kò gbọ́ ìparí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí iná NEPA bá sì lọ sílẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń gbà á, ohùn á wúwo, á máa wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yín títí ayé.

Àmọ́ kọ́bọ̀ kan kò kan akọrin nínú owó yẹn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní 1988, Decree 47, ti ní kò tọ́. Ta ló fẹ́ mú wọn ní Ọjúwòyè?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára rèé. Lójú títì kan náà, Sikiru Ayinde Barrister ń dún nínú sípíkà kejì. Muṣin yìí náà ló gbé lọ sílé ìwé, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ orin wéré, tí a fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì, di fújì. Ọdún 1988 ni Fuji Garbage jáde, ọdún kan ṣáájú àṣàyàn Luther. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin bi mí láìpẹ́ pé kí n dárúkọ orin Barrister márùn-ún tó dára jù fún òun. Ẹnu mi wọhò. Ti Luther, mo lè kà á lóòrùn. Ti Barrister, orúkọ àwo ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á. Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni. Luther ń ṣe orin oníṣẹ́jú márùn-ún, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú kan àwo fújì tàbí jùjú ìgbà yẹn jẹ́ ẹyọ kan láìdúró: a ó bẹ Ọlọ́run, a ó ki olówó kan, a ó fi òwe bá ọ̀tá wí, a ó yí ìlù padà, a ó tún ki ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bèèrè pé "Àwo mélòó ló ti ṣe?" tí a kì í bèèrè pé orin mélòó. Nígbà tí Island fẹ́ ta King Sunny Adé fún àwọn òyìnbó ní 1982, orin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe Juju Music. Mo fẹ́ràn àwo yẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n gé e fún.

Lónìí, àwọn DJ ló ń gé e fún wa. Wọ́n ń mú ibi tí ìlù ti gbóná, wọ́n ń fò kọjá ibi tí akọrin ti ń ki ènìyàn, torí pé ta ló tún mọ alájà kan ní 1985? Bẹ́ẹ̀ níbi oríkì yẹn ni èdè wà. Mo ti fi irú ibẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ní kíláàsì: ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, ẹ̀ka èdè Ìbàdàn tó já lu ti Èkó nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, òwe tí ó gé sí méjì tó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìlù. Bí a bá gé e bí orin Luther, ijó ló máa ṣẹ́kù fún wa.

Ní ti iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn, kọ "Àṣàyàn Orin Luther Vandross", kí o sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣà á sí i àti ọdún. Ní ti Barrister, ojú kan odindi nínú Fuji Garbage ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ mi, láìgé nǹkankan kúrò. Ó ní ó ti gùn jù. Mo ní kó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́; sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road gùn jù ú lọ.