Nikotíìnì àti Jẹjẹrẹ Ọmú: Ohun Tó Yẹ Kí Aláìsàn àti Ẹbí Rẹ̀ Mọ̀

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ ní ọmú rẹ̀ lè sọ pé, "Ohun tí mò ń sá fún ti dé ná, kí ni mo tún fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá fún?" Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àìsàn yìí ti wà lára gan-an ni nikotíìnì inú tábà tún lè máa ràn án lọ́wọ́.

Lára sẹ́ẹ̀lì wa ni àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké wà, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń gba iṣẹ́ tí ara bá rán sí i. Acetylcholine ni òjíṣẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ ń rán síbẹ̀. Nikotíìnì jọ òjíṣẹ́ yìí débi pé ẹnu ọ̀nà náà ń ṣí fún un, á wá máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bó ṣe ń ṣe nínú ọpọlọ nìyẹn tí sìgá fi ń di bárakú. Ṣùgbọ́n irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà nínú ọmú pẹ̀lú. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alpha-9. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Taiwan yẹ kókó jẹjẹrẹ ọmú 276 wò, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ẹran ara tó yí i ká tí kò lárùn. Nínú 186, alpha-9 pọ̀ lára kókó ju ti ẹran ara náà lọ. Nígbà tí wọ́n sì dín alpha-9 kù lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kókó kò lè dàgbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọmú nìkan. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Wake Forest, ní Amẹ́ríkà, rí i lára èkúté pé nikotíìnì ń kó irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró á wá dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro sílẹ̀ de jẹjẹrẹ tó bá ọmú wá.

Inú yàrá ìwádìí àti lára èkúté ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú èyí. Òótọ́ sì ni pé èéfín sìgá ní ohun tó ń fa jẹjẹrẹ tó lé ní àádọ́rin, láìka nikotíìnì mọ́ wọn. Ìyẹn kò sọ nikotíìnì di aláìlẹ́ṣẹ̀.

Aṣáà ńkọ́? Tábà ni. Àwọn ìyá àgbà tó ń fà á símú tàbí tó ń fi sí ètè máa ń sọ pé àwọn kò mu sìgá rí. Kò ní èéfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n nikotíìnì wà nínú rẹ̀, ó sì wà nínú ṣíṣà àti sìgá oníná pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń lo èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. A kò ní bá yín wí. Ẹ jẹ́ ká jọ wá bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀.