Iṣu, Isu, Usu: Ìjiyàn Lórí Pípe Orúkọ Oúnjẹ Wa

Bí ará Ìbàdàn, ará Èkìtì àti ọmọ Ẹ̀gbá bá pàdé nídìí àtẹ kan náà ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní iṣu, èkejì ní isu, ẹ̀kẹta ní usu. Ẹnì kan ní adìẹ, òmíràn ní adìyẹ, òmíràn ní adìrẹ. Olúkúlùkù sì gbà pé bí òun ti ń pè é nìkan ni ó tọ̀nà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin tí a ń ka ìwé yìí sí létí, a fẹ́ ṣe àlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń ní ohùn púpọ̀, àti ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra.

Èkínní, ìyàtọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àṣìsọ. Ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè Ọ̀yọ́, s ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè níbi tí àwa ti ń pe ṣ. Ní Èkìtì, a lè fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa ń fi i bẹ̀rẹ̀; nítorí náà ni wọ́n fi ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n sì ń pe iṣu ní usu. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀lé òfin èdè àwọn baba rẹ̀ gan-an ni. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìjà lórí irú nǹkan báyìí ti pẹ́ láyé. Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, nínú Bíbélì, sọ pé àwọn ará Gileadi dúró sí ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n sì ń ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọjá pe Ṣibolẹti, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé túmọ̀ sí ṣírí ọkà. Ará Efraimu kò lè pe ṣ. Sibolẹti ni ó ń wí, èyí ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀ láti pa á. Ẹgbàá mọ́kànlélógún ènìyàn, èyíinì ni 42,000, ni ìwé náà sọ pé ó ṣègbé. Àwa kì í pa ẹnikẹ́ni nítorí iṣu. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé tí a bá fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí ohùn ilé rẹ̀ yóò pa ẹnu mọ́ ní kíláàsì, yóò sì máa tijú èdè ìyá rẹ̀.

Èkejì, kí a ya ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé. Ẹnu lè jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ń fẹ́ ìṣọ̀kan. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta láti ṣiṣẹ́. Ní 1859 Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì sọ ọ́ ní Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Orúkọ náà fi hàn pé oríṣi ènìyàn tí yóò kà á ju ọ̀kan lọ. Ní 1875 àwọn aṣáájú ìjọ pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò parí. Onjẹ ni àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ. Ṣùgbọ́n láti ara ohun àti jẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, a sì ń gbọ́ ohùn ú nínú rẹ̀. Nínú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, oúnjẹ ni a ń kọ.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọ̀rọ̀ àlejò. Albasa ni àwọn Hausa ń pe àlùbọ́sà. Èdè wa kì í jẹ́ kí l àti b fi ara kan ara wọn báyẹn, nítorí náà ni a fi fi ù sí àárín wọn. Bákan náà ni a gba tòmátì lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń pè é ní tìmátì. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì.

Níbo wá ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra? Ibi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bá ti ń yí ìtumọ̀ padà ni. Ẹ̀kọ ni à ń mu, ẹ̀kọ́ ni à ń kọ́. Ẹ̀wà ni à ń sè, ẹwà ni à ń wò lára ènìyàn. Gààrí ni à ń rẹ sínú omi, gàárì ni à ń dì mọ́ ẹṣin lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ láìfi àmì sí i, tí ó ní kí ó ra gari àti ewa, ń fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kà á.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àkọtọ́ àti àmì ohùn dáadáa, kí ẹ má sì fi ohùn ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa sọ ẹ̀ka èdè yín sí àwọn ọmọ nílé. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti oníbàárà, bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín, ẹ na ọwọ́ sí ohun náà, kí ẹ sì béèrè pé: kí ni ẹ ń pe èyí ní ìlú tiyín?