Lílọ sí Kútọnu: Ọ̀rọ̀ Físà àti Ìwé Ìrìnnà

Bí a bá ti yẹ ìwé owó wò tán ní òpin ọdún, tí a sì ti pín èrè, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa ṣètò ìrìn-àjò ìgbafẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan a lọ sí Òkè Olúmọ, àwọn mìíràn a lọ sí Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kọjá sí Kútọnu kò kéré mọ́. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni èyí tí mo rí nínú ìwé owó ẹgbẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó jáde fún físà Kútọnu, ti ènìyàn 22. Mo béèrè rìsíìtì. Akápò ní ọ̀gbẹ́ni tí ó bá àwọn háyà mọ́tò ni ó gba owó náà, kò sì fún àwọn ní ìwé kankan. Ibo ni yóò ti rí ìwé? Kò sí físà tí ó rà.

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti lọ ṣe àbẹ̀wò sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ẹ̀tọ́ wa ni, kì í ṣe ojú àánú. Ní 29 May, 1979, ní ìlú Dakar, àwọn olórí ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Bákan náà ni ti Togo àti Ghana. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọdọ̀ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Pé kò sí físà kò wí pé kò sí ìwé. Àdéhùn kan náà ni ó sọ pé kí arìnrìn-àjò ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó ní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì gba ẹnu bodè tí ìjọba fọwọ́ sí wọlé.

Pásípọ́ọ̀tù ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ìwé kékeré mìíràn wà, ìwé ìrìnnà ECOWAS, tí àjọ náà dá sílẹ̀ ní 1985, tí iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wa sì ń ṣe. Ẹni tí kò ní í lọ sí London tàbí Mẹ́kà lè fi èyí rin gbogbo ilẹ̀ ECOWAS. Káàdì ìdìbò kò lè dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ẹgbẹ́ wa, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Ní ti abẹ́rẹ́, ti ibà pọ́njú ni, èyí tí a ń pe ìwé rẹ̀ ní yẹ́lò káàdì. Kò tíì lágbára lójú òfin títí ọjọ́ 10 yóò fi pé lẹ́yìn tí a bá gbà á, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń sáré ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún ẹni títí ayé rẹ̀. Àwọn kan a máa ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Bébà ni wọ́n rà; ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ibùdó àjọlò Sẹ̀mẹ̀-Kraké, tí wọ́n ṣí ní October 2018, ni àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Kí olúkúlùkù mú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó dúró de òǹtẹ̀ ìjáde àti òǹtẹ̀ ìwọlé. Ẹ má kó ìwé yín jọ fún ọmọkùnrin kan tí ó ní òun yóò bá yín sáré ṣe é. Ọjọ́ tí ó wà lára òǹtẹ̀ ni a fi ń ka 90 ọjọ́ náà. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tí ó wọlé.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní Ìmẹ̀kọ yóò bi mí pé, kí ni àwọn fẹ́ fi ìwé ṣe láti lọ kí ẹbí àwọn ní Kétu, nígbà tí ó jẹ́ pé abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ̀kọ wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni ó jókòó ní 1889 tí wọ́n fa ààlà, wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá dá dúró lọ́nà kò lè fi ìtàn yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá ń háyà mọ́tò, kí akọ̀wé béèrè ìwé lọ́wọ́ awakọ̀ kí ó tó sanwó: láísẹ́ǹsì, ìwé mọ́tò, àti káàdì ìnṣọ́ọ̀ránsì ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu fúnra rẹ̀ ní 1982. Ọjọ́ 90 ni mọ́tò àdáni lè lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 péré ni ti mọ́tò akérò, kò sì gbọdọ̀ gbé èrò ibẹ̀. Irú ìnáwó báyìí, pẹ̀lú owó pásípọ́ọ̀tù bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé owó, ti òun ti rìsíìtì.

Ènìyàn ni àdéhùn yìí gbà láàyè láti kọjá báyìí, kì í ṣe ẹrù. Ní 2016 ni ìjọba wa fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì wọlé. Ti mọ́tò tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 2017. Kí ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe yá owó ẹgbẹ́ lọ ra ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣì ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹni tí òfin rẹ̀ kò gbà padà lẹ́nu bodè. Ní ti àwọn aládùúgbò wa yòókù, Cameroon àti Chad kò sí nínú ECOWAS, Níjẹ sì ti fi àjọ náà sílẹ̀ ní 29 January, 2025. ECOWAS ní kí a ṣì máa bá àwọn ará Níjẹ lò bí ti àtẹ̀yìnwá títí di ìgbà tí a bá tún gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń lọ sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ béèrè ní iléeṣẹ́ aṣojú wọn, kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.